Ìpàdé ẹbí ní Ìkògòsì: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣètò ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì nílé lóko, ẹ kú àìríra o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí gan, òun ni pé ọ̀pọ̀ ẹbí wa ò ríra mọ́ àfi téèyàn bá kú. Ẹ dé ibi òkú, ẹ wọ aṣọ ẹbí, ẹ jẹ ìrẹsì, ẹ ya fọ́tò, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ kálukú ti wọkọ̀ padà sí Èkó, sí Abuja, sí Ìbàdàn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ò mọ ọmọ àbúrò. Ẹ jẹ́ ká máa dá ọjọ́ tiwa, ká lọ síbi tí òkè yí ká, tí atẹ́gùn ẹ̀ tutù, ká jọ sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ká jọ jẹun, ká jọ sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀.

Ìkògòsì ni mo máa fi ṣàlàyé torí mo gbà pé òun ló bá ẹbí ńlá mu jù ní gbogbo Èkìtì. Omi gbígbóná ń sun níbẹ̀ láti ìdí òkè, omi tútù ń ṣàn wá ní tiẹ̀, àwọn méjèèjì wá pàdé, tẹ́ ẹ bá ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn ẹ máa mọ ibi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ àti ibi tó tutù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tó ti ń jáde látinú ilẹ̀, ó máa ń gbóná tó 70°C, tó bá fi máa kọjá ibi ìpàdé ó ti wá sí bíi 37°C, ìyẹn bíi ti ara èèyàn. Láti nǹkan bí ọdún 1950 sókè làwọn míṣọ́nnárì Baptist ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ wá sìnmi níbẹ̀, kí ìjọba tó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ tó ní ilé ìbùsùn, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti gbọ̀ngàn. Igbó ibẹ̀ dí, igi ibẹ̀ ga, ariwo mọ́tò ò sí. Omi Àríntà tó ń já látorí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò ò sì jìnnà síbẹ̀ rárá.

Kẹ́ ẹ tó ka ìyókù, nǹkan kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú: ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí yín ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n gbogbo ètò. Ọjọ́ tí ara mọ̀mí àgbà lè gbà, ọ̀nà tí ẹ̀yìn wọn lè fara dà, rúùmù tí wọn ò ní gun àtẹ̀gùn kí wọ́n tó dé, oúnjẹ tí eyín wọn lè jẹ. Ọ̀dọ́ lè sùn sórí ẹní kó tún jí dáadáa, àgbà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti rọ àgbà lọ́rùn, gbogbo wa ló máa rọ̀ lọ́rùn.

1. Ẹ bá àgbà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí gúrúùpù

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ètò ti ń bàjẹ́. Ọ̀dọ́ kan á jí lọ́jọ́ kan, á ṣí gúrúùpù WhatsApp, á kó gbogbo èèyàn sínú ẹ̀, á kọ ọjọ́, á kọ iye owó, á wá máa retí kí wọ́n sanwó. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí á gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ wọn, wọ́n á ní ṣé àwa ò sí láyé ni, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí iye àlàyé tẹ́ ẹ máa ṣe mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí olórí ẹbí lójúkojú tẹ́ ẹ bá wà nítòsí, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ṣàlàyé nǹkan tẹ́ ẹ ní lọ́kàn bí ẹni tó ń bèèrè ìmọ̀ràn, nítorí ìmọ̀ràn lẹ fẹ́ lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá jìnnà, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má fi ohùn WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ pe àwọn ìyá ilé, pàápàá ẹ̀gbọ́n bàbá yín obìnrin, torí àwọn gan-an ló mọ ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀ àti ẹni tí kò bá ẹni sọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ ilé olórogún, ẹ mú aṣojú kọ̀ọ̀kan látinú ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọmọ ìyá kan ṣoṣo ló máa wà nínú kọ̀mítì, bí wọ́n tiẹ̀ gbọ́n jù, bí wọ́n tiẹ̀ lówó jù. Èèyàn márùn-ún sí méje ti tó: ẹnì kan fún owó, ẹnì kan fún oúnjẹ, ẹnì kan fún ọkọ̀ àti ọ̀nà, ẹnì kan fún àwọn ọmọdé, ẹnì kan fún àwọn àgbà nìkan. Ti àgbà yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má yọ ọ́ sílẹ̀. Òun ló máa mọ oògùn tí kálukú ń lò, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, ẹni tí ò lè jẹ iyọ̀, ẹni tí ò lè sùn lóun nìkan.

Tí ìjà àtijọ́ bá wà nílẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ogún, ẹ bẹ àgbà kan kí wọ́n bá yín pẹ̀tù sí i ṣáájú. Ẹ má ní ẹ máa parí ẹ̀ níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e débẹ̀ òun lẹ máa fi gbogbo òru jà.

Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá ti tò lẹ wá lè ṣí gúrúùpù. Kí olórí ẹbí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí ọmọ wọn bá wọn gba ohùn wọn sílẹ̀.

2. Ẹ mú ọjọ́

Oṣù mẹ́fà ṣáájú, ó kéré tán. Àwọn tó wà lókè òkun fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ gba ìsinmi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń mú ìparí December torí àwọn ọmọ ti gba họ́lídé, ó dáa, àmọ́ ẹ rántí pé ọyẹ́ máa wà nílẹ̀, àárọ̀ Ìkògòsì nígbà ọyẹ́ máa ń mú àgbà gan, àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ò sì fẹ́ràn eruku yẹn, ibẹ̀ tún máa ń kún nígbà náà, owó rúùmù á sì ga. Ọ̀sẹ̀ Ọ̀dún Àjíǹde dáa, òjò ò tíì le, ọ̀nà ò tíì bàjẹ́. Láàárín June sí September, omi Àríntà á kún, á lẹ́wà, gbogbo igbó á tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n òkúta á máa yọ̀, ọ̀nà á máa pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ẹni tó ní àgbà tó ju ọmọ ọgọ́rin ọdún lọ kó má mú ìgbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ní Mùsùlùmí nínú ẹbí, ẹ wò ó bóyá ọjọ́ yín ò ní bọ́ sínú Ramadan tàbí Iléyá, torí oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka ọdún wọn, ọjọ́ ẹ̀ kì í dúró sójú kan lọ́dọọdún.

Ẹ tún bèèrè nílé pé òkú ta ló wà nílẹ̀, ìgbéyàwó ta ló ń bọ̀, ọjọ́ wo ni ọdún ìlú. Friday sí Sunday ló dáa jù: kẹ́ ẹ dé lọ́sàn-án Friday, kẹ́ ẹ lo Saturday pátá, kẹ́ ẹ kúrò lọ́sàn-án Sunday.

3. Owó

Ẹ má pín in dọ́gba-dọ́gba. Mo mọ̀ pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀ àmọ́ òun ló máa ń jẹ́ kí ẹni tí nǹkan ò rọ̀ fún máa ní òun ò ráyè, kó sì jẹ́ pé owó ni ò sí. Ẹ jẹ́ n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé, owó ibẹ̀ kì í ṣe owó ọjà o, bí ìṣirò ṣe máa rí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí.

Ká ní èèyàn 45 lẹ máa jẹ́. Àgbà 7 ò ní san, ọmọdé 13 ò ní san, ọmọ iléèwé gíga 5 ò ní san. Ó ku 20. Ká ní gbogbo ìnáwó, rúùmù, oúnjẹ, ọkọ̀, owó ìwọlé, gbogbo ẹ̀ pátá, jẹ́ nǹkan bíi 1,800,000 náírà. Tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, 90,000 ni kálukú, èyí tó ń tọ́jú ọmọ mẹ́rin nínú yín ò ní wá. Tó bá jẹ́ pé èèyàn 6 tí nǹkan rọ̀ fún ló san 150,000, tí èèyàn 8 san 80,000, tí èèyàn 6 tó kù san 45,000, àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ 1,810,000. Ó ti pé, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó san iye báyìí sínú gúrúùpù o, kí akápò pe kálukú lábẹ́lẹ̀, kó bá a sọ iye tí apá ẹ̀ ká, kó sì gbà á díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Nǹkan tẹ́ ẹ máa gbé sí gúrúùpù ni àròpọ̀ owó tó ti wọlé àti nǹkan tẹ́ ẹ ti fi ṣe, pẹ̀lú fọ́tò rìsíìtì.

Kí owó má wọ àkáǹtì ẹnì kan tó tún ń ná owó tiẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ya àkáǹtì sọ́tọ̀, kí ẹni méjì láti ìdí igi méjì lè máa rí i. Lórí iye tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣírò, ẹ fi ìdá mẹ́wàá lé e, torí owó epo àti owó tòmátò kì í dúró síbi tẹ́ ẹ fi í sí. Tó bá ti wọlé, ẹ tètè san àsansílẹ̀ rúùmù kí wọ́n tó gbé owó sókè.

4. Ẹ rán ẹnì kan lọ wo ibẹ̀ ṣáájú

Fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì ò tó. Ẹ rán ẹnì kan tó wà ní Adó tàbí ní Àkúrẹ́, kó sun ibẹ̀ mọ́jú ọjọ́ kan tó bá ṣeé ṣe, kó fi fídíò ránṣẹ́. Nǹkan tó máa wò rèé: ṣé omi ń yọ nínú ilé ìwẹ̀ lóòótọ́, agogo mélòó ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, agogo mélòó ni wọ́n ń pa á, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ti ta ló wà, ṣé wọ́n gbà kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ wá látìta, ṣé wọ́n gbà kẹ́ ẹ dáná, ibo lẹ ti lè dáná, ṣé gbọ̀ngàn tàbí ibòòji kan wà tí gbogbo yín lè jókòó sí tí òjò bá dé, owó ìwọlé ọmọdé àti àgbà, owó mọ́tò.

Ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn láti ibi mọ́tò ti ń dúró dé rúùmù, láti rúùmù dé ibi omi, kó ka àtẹ̀gùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Rúùmù tó sún mọ́ ibi mọ́tò jù, tí àtẹ̀gùn ẹ̀ kéré jù, ti àwọn àgbà nìyẹn, ẹ gba nọ́ńbà rúùmù yẹn sílẹ̀ lórúkọ wọn nígbà tẹ́ ẹ bá ń san àsansílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Ẹ má sọ pé ẹ máa tò ó tẹ́ ẹ bá débẹ̀, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á ti gbé báàgì ẹ̀ síbi tó dáa jù.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, kó wò ó bóyá ó ga tó fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Tí kò bá ga tó, ẹ wá àga tí wọ́n gé ihò sí láàárín, àwọn tó ń ta nǹkan ọsibítù ní Adó máa ń ní in. Nǹkan kékeré yẹn ló máa jẹ́ kí ìyá arúgbó lè sinmi láìsí pé wọ́n ń fi ebi pa ara wọn torí ẹ̀rù ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọn ò ní sọ fún yín o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ronú kàn án.

5. Ọ̀nà

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn á gba Ifẹ̀, Iléṣà, Ìwàràjà, Ìtàwúrẹ́, dé Àrámọ̀kọ, kó tó yà sí Èrìjìyàn lọ Ìkògòsì. Ẹni tó ń bọ̀ láti Adó náà á gba Àrámọ̀kọ. Ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ lè gba Ìgbàrà-Òkè sí Ìgbàrà-Odò kó fi já sí Ìkògòsì. Ẹ pe ẹni tó wà nílé lọ́sẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ bèèrè èyí tó dáa nínú ọ̀nà, torí ó máa ń yàtọ̀ láti oṣù kan sí èkejì.

Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ rìn. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó kó kúrò nílé láàárọ̀ kùtù, kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí gbogbo mọ́tò ti wọlé, ẹni tó bá pẹ́ lọ́nà kó sun Iléṣà tàbí Adó kó wá lọ́jọ́ kejì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi òru wọ inú àwọn òkè yẹn nítorí pé ó fẹ́ bá wọn jẹ oúnjẹ alẹ́ Friday. Kí àwọn mọ́tò jọ rìn, kí àwọn awakọ̀ mọ nọ́ńbà ara wọn. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, 122 ni ti àwọn Road Safety, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù kálukú.

Mọ́tò tó ní ààyè ẹsẹ̀ jù, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló máa lọ, iwájú ni kí mọ̀mí jókòó, kẹ́ ẹ máa dúró lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n mu omi. Ọ̀nà ìhà Ẹ̀fọ̀n máa ń yí, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ọmọ tó bá máa ń bì nínú mọ́tò ẹ jẹ́ kó jẹ nǹkan fúyẹ́ láàárọ̀, ẹ sì mú ọ̀rá dání.

6. Oúnjẹ

Ẹ ò lè wá sí Èkìtì kẹ́ ẹ má gún iyán. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ká gbé e fún àwọn tó ń ta oúnjẹ, ó rọrùn lóòótọ́, ẹ fún wọn ní oúnjẹ Friday alẹ́ àti ti Sunday àárọ̀. Ṣùgbọ́n ti Saturday ọ̀sán, ẹ jẹ́ kí ẹbí fọwọ́ ara wọn gún un. Ibẹ̀ ni ọmọ tó dàgbà sí London á ti di ọmọ odó mú fún ìgbà àkọ́kọ́, tí àǹtí ẹ̀ á máa kọ́ ọ bó ṣe máa gbé ọwọ́, tí gbogbo ilé á máa pàtẹ́wọ́ fún un.

Iṣu kan tó tóbi díẹ̀ máa ń tó èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin, fún èèyàn 45 tí ọmọdé wà nínú wọn, iṣu 14 tó, ẹ ra 16 torí àwọn kan á ti bàjẹ́ nínú. Àrámọ̀kọ tàbí Èrìjìyàn ni kẹ́ ẹ ti ra á bẹ́ ẹ bá ń kọjá lọ, ẹ má gbé e láti Èkó. Odó mẹ́ta, ọmọ odó méjì-méjì, ẹ yá a látilé. Ẹ má se gbogbo iṣu papọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìkòkò kan ní tẹ̀lé-tẹ̀lé. Bẹ́ ẹ bá ń gún ti ìkòkò àkọ́kọ́, kí ìyókù ṣì wà nínú omi ẹ̀ lórí iná, kẹ́ ẹ máa kó o díẹ̀díẹ̀ sínú odó, torí iṣu tó bá ti tutù kókó ló máa di, kò ní rọ̀ mọ́ bó ti wù kẹ́ ẹ gún un tó. Tó bá le, omi gbígbóná tẹ́ ẹ fi sè é yẹn ni kẹ́ ẹ bù sí i, kì í ṣe omi tútù. Iyán tó bá kọ́kọ́ jáde, tó fẹ́lẹ́, tí kò ní kókó rárá, ti àwọn àgbà ni, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ gbé e sínú kúlà, ẹ gbé e lọ fún wọn ní gbígbóná kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó bu òkèlè.

Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kì í pẹ́ bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá sè é lálẹ́ Friday, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kẹ́ ẹ tó dé e, ẹ má ru ú mọ́, ẹ tún un gbé kaná láàárọ̀ kó hó dáadáa. Ẹ̀fọ́ rírò, ní àárọ̀ Saturday ni kẹ́ ẹ rò ó. Ẹ dá ìkòkò kékeré kan sọ́tọ̀ tí iyọ̀ àti ata ẹ̀ kéré fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn ọmọ kéékèèké. Fún ìrẹsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ̀, tiwa ni, òórùn ẹ̀ nìkan á jẹ́ kí àwọn àgbà máa sọ ìtàn ọdún àtijọ́. Kálukú kó gbé ike omi tiẹ̀ dání, kẹ́ ẹ ra omi mímu kún un, omi orísun kì í ṣe omi mímu fún ọmọdé.

7. Omi yẹn gan-an

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan sún mọ́ ibi tí omi ti ń sun jáde, 70°C máa bó ara ọmọdé lójú ẹsẹ̀. Ìsàlẹ̀, níbi tó ti pàdé tútù, àti inú ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ni kí wọ́n ti ṣeré, àgbà méjì tí ò mu ọtí ni kó máa wò wọ́n, kẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ wákàtí kan-kan kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Tí gbogbo èèyàn bá ń wò wọ́n, kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n.

Àwọn àgbà máa fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná yẹn, ó sì máa tu wọ́n lára. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, omi gbígbóná máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, tó bá dìde lójijì ojú á ṣú u, torí náà kí ẹnì kan dì í mú, kó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹsẹ̀ ẹ̀ lè má mọ ooru mọ́, ẹlòmíì ni kó fi ìgúnpá dán omi wò fún un. Ọmọ tó bá jẹ́ SS, ìyẹn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, omi tútù yẹn ni kẹ́ ẹ jìnnà sí, kó máa mu omi dáadáa, bó bá ti jáde lómi ẹ nu ú gbẹ, ẹ wọ súwẹ́tà fún un kíákíá, torí òtútù máa ń dá àìsàn yẹn sílẹ̀. Aláboyún kó bi dókítà ẹ̀ kó tó wá.

Àríntà, àwọn ọ̀dọ́ ni kó lọ, pẹ̀lú ẹni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kí ẹnikẹ́ni má fò láti orí àpáta. Ẹ má wọ́ mọ̀mí gòkè nítorí fọ́tò.

8. Saturday: ìjókòó ẹbí

Òun gan-an la ṣe wá. Lẹ́yìn iyán, tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, nǹkan bí agogo mẹ́rin, ẹ to àga rọ́bà yípo lábẹ́ igi, àwọn àgbà láàárín, àwọn ọmọdé lórí ẹní níwájú wọn. Ẹ lè ra ẹní ibẹ̀ ní Ògòtún, iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ẹni kan gbàdúrà ní ti Kristẹni, kí ẹni kan ṣe é ní ti Mùsùlùmí, kó má gùn.

Ẹ lẹ káàdìbọ́ọ̀dù ńlá kan mọ́ ògiri tàbí igi, ẹ kọ orúkọ baba ńlá tàbí ìyá ńlá tẹ́ ẹ mọ̀ sókè, kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan wá kọ ọmọ tiwọn sábẹ́ ẹ̀ títí dé orí ọmọ tuntun, kálukú kó wá fọwọ́ kan orúkọ tiẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á rí i níbẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n ń rí ní Unifásítì ọ̀hún, ẹ̀jẹ̀ wọn ni, ọ̀rọ̀ yìí ò kéré, torí a ti ń gbọ́ ti àwọn tó fẹ́ra wọn sọ́nà kí wọ́n tó mọ̀ pé ìbátan làwọn.

Kí ẹnì kan gbé fóònù sórí nǹkan tó dúró, kó sún un mọ́ mọ̀mí, kó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má bèèrè pé "ẹ sọ ìtàn ẹbí fún wa," wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bèèrè nǹkan kéékèèké: ta ló sọ yín lórúkọ, oríkì yín ńkọ́, kí ni èèwọ̀ ilé wa, oko bàbá yín wà níbo, kí lẹ ń jẹ lọ sí iléèwé, ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé ọkọ báwo ló ṣe rí. Ẹ bi àwọn bàbá nípa ibi tí ìdílé ti wá tẹ̀dó. Ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì ló ní ìtàn tó so mọ́ ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ta ló lọ, ta ló bọ̀, ta ni wọn ò rí mọ́. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ní Èkìtì tó jinlẹ̀, ẹ má já wọn lu, ẹ má ní kí wọ́n sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, kí ẹnì kan wá túmọ̀ fún àwọn ọmọ lẹ́yìn. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ẹnì kan, kí ẹni náà kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí wọ́n á fi parí.

Kí fọ́tò ẹbí wáyé kí ìjókòó yìí tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì dáa tí aṣọ ò tíì rún. Aṣọ ẹbí ò pọn dandan, gèlè tàbí fìlà aláwọ̀ kan ti tó, kó má lọ di ìnáwó tó máa lé àwọn kan sílé. Alẹ́, ẹ dá iná tí wọ́n bá gbà yín láyè, àlọ́ ni kẹ́ ẹ pa fún àwọn ọmọ, kí àwọn bàbá pa á, kì í ṣe sípíkà.

9. Ẹrù

Súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ fún àgbà àti ọmọ, òtútù òru ibẹ̀ ò ṣeé fojú di. Kọ́ìlì tí wọ́n ń sun lé ẹ̀fọn tàbí ìpara ẹ̀fọn, nẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ọwọ́, àwọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun kí wọ́n bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ nípa oògùn ibà kí wọ́n tó wọ bàálù. Tọ́ọ̀ṣì, páwà báǹkì, owó bébà púpọ̀ lọ́wọ́ torí POS ibẹ̀ lè má ṣiṣẹ́. Oògùn àwọn àgbà, ẹ ka á fún ọjọ́ márùn-ún dípò mẹ́ta, kó wà nínú báàgì ọwọ́, kó má wà nínú bùútù. Ẹni tó ń bójú tó àgbà kó mọ ọ̀nà tó lọ sí ọsibítù ńlá ìjọba ní Adó.

10. Tẹ́ ẹ bá padà dé

Ní Sunday, lẹ́yìn ìdúpẹ́, kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, kí ẹni tó ń mójú tó ọmọdé ka orí wọn, kó pe orúkọ wọn láti inú ìwé. Ẹ sọ fún àwọn tó ń tọ́jú rúùmù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú yín, tẹ́ ẹ bá ti san owó ìdúró torí nǹkan tó bá bàjẹ́, kẹ́ ẹ gbà á padà kẹ́ ẹ tó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan kí akápò gbé ìṣirò sí gúrúùpù, gbogbo ẹ̀, títí kan owó ọ̀rá àti owó kérosíìnì. Ohùn mọ̀mí tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀, ẹ fi sí ibi mẹ́ta ó kéré tán, sínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan, sórí Google Drive tí gbogbo ìdí igi lè ṣí, kí ẹnì kan sì gbé e sórí fíláàṣì fún olórí ẹbí. Ẹ tẹ káàdìbọ́ọ̀dù yẹn sí pépà kékeré, ẹ fún àgbà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan, kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi débi tí ojú wọn á fi rí i kà. Tí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ má pín in, ẹ fi ra oògùn oṣù tó ń bọ̀ fún àwọn àgbà tó wá, kí ẹnì kan gbé e lọ fún wọn nílé, kó sì bèèrè lọ́wọ́ wọn nígbà náà pé oṣù wo ni wọ́n fẹ́ ká tún fi sí lọ́dún tó ń bọ̀.